Ilẹ̀ Inú Ike Ọ̀dà

Lọ́jọ́ tí wọ́n ta ilẹ̀ wa ní Ajíbọ́dẹ̀,
katakata ti ń kùn níwájú ebè ilá.
Gbogbo wa ń ka owó.
Láńtórò, ìyá ìyá mi, ò bá wa ka kọ́bọ̀.
Ike ọ̀dà mẹ́ta ló kó dání, àti ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ.
Ó kúnlẹ̀ sídìí ilá èṣí, ó ń bu ilẹ̀;
kì í ṣe òkè ilẹ̀ tí oòrùn ti sun,
ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ti ń wá ara wọn kiri ni.

Múkáílà awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, àyà ń já a:
"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi sà sí wa?"
Ó ní, "Ọmọ mi, máa wa ọkọ̀ rẹ.
Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni mo wá kó."

Ilẹ̀ tuntun wà lẹ́yìn Mọ́níyà,
ilẹ̀ tí wọ́n ti ha ojú rẹ̀ lọ fi gé búlọ́ọ̀kù,
pupa, líle, bí àtẹ́lẹsẹ̀ aláàárù.
Ọyẹ́ ń fẹ́. Kànga jìn.
Garawa omi kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.
Ó kọ ebè mẹ́wàá, ó gbin ilá, ó gbin ata ṣọ̀mbọ̀.
Ebè márùn-ún gba ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan láti inú ike.
Márùn-ún ò gba nǹkan kan.
Kì í ṣe pé ó ń ṣe àyẹ̀wò o:
ilẹ̀ ló tán nínú ike.

Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà,
àwọn kan ń wo ilẹ̀ bí ajigbèsè,
àwọn kan tẹ́ ewé, wọ́n ń wo oòrùn lójú.

Èmi tí mò ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò kan lọ́nà Ọ̀jọ́ọ̀,
mo fa ilá méjì tu, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún,
mo di gbòǹgbò wọn sínú ọ̀rá búrẹ́dì.
Dókítà Ọ̀ṣúnkúnlé sè wọ́n nínú omi tó mú bí omi eérú,
ó fi fínígà àti tàdáwà rẹ wọ́n,
ó gbé wọn sábẹ́ awò tí ń sọ èèrà di erin.
"Wá wò ó." Mo di ojú kan.

Èkíní ṣófo bí ilé àwọn tó lọ ìlú òyìnbó.
Èkejì, háà!
Òwú búlúù, ó tín-ín-rín ju irun ọmọ jòjòló lọ,
ó kan ilẹ̀kùn, gbòǹgbò ṣí i fún un,
ó wọlé, ó di igi nínú yàrá kọ̀ọ̀kan,
igi tí kò tó orí abẹ́rẹ́, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka.
"Olú ni," Dókítà wí. Olú tí kì í yọ orí síta,
tí ẹnikẹ́ni ò lè ká fi sebẹ̀.
Tẹ̀tẹ̀ ní tiẹ̀ kì í fẹ́ gbàlejò, ilá ló lawọ́.

Ọwọ́ gbòǹgbò ò wọ akèrègbè ilẹ̀,
ọwọ́ olú ò tó pẹpẹ oòrùn.
Ni wọ́n bá so owó pọ̀.
Èyí wọ ihò tí èèrà ò lè wọ̀,
ó fa ẹ̀kán omi tó sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta,
ó gbé e wá pẹ̀lú iyọ̀ ilẹ̀, ó ní: owó mi dà?
Èyí na ewé sókè, ó po oòrùn mọ́ afẹ́fẹ́, ó fi ṣe ṣúgà,
ó san án, láìkọ ìwé.
Àfi bí ajílẹ̀ inú àpò bá ti pọ̀ jù,
gbòǹgbò á ti ilẹ̀kùn,
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó tí kò mọ aládùúgbò mọ́.

Mo délé, mo rò fún Láńtórò. Ó ń rẹ́ ilá, kò gbójú sókè.
"Olú? Èmi ò mọ orúkọ wọn.
Láti Àkànrán ni ìyá mi ti ru ilẹ̀ yẹn nígbà tó ń relé ọkọ,
nínú igbá.
Ó ní ìyàwó kì í dá wọlé."

Ilé alájà mẹ́rin ló wà ní Ajíbọ́dẹ̀ báyìí.
Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ẹtì. Kọnkéré bo gbogbo àgbàlá,
àfi etí gọ́tà kan, níbi tí ilá ti hù,
láìgbìn, láìbomi rin.
Mi ò fà á tu.
Mo kí i, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀.